Òòlù Bàbá Mi àti Mọ́tò Tí Wọ́n Fẹ́ Rà fún Mi

Bàbá mi kò ra mọ́tò fún mi rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Tudun Wada, ní Minna, pé wọ́n fẹ́ ra ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Àwọn aránṣọ ojú títì gbọ́. Alùfáà ará Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gbọ́, ó sì ṣàdúrà sí i. Àwọn Hausa tó ń ta igi ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í kí bàbá mi ní "Mai mota!", ìyẹn ni pé onímọ́tò, bàbá mi á sì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á dáhùn. Ẹni tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ ológeere kan lọ, tí ìjókòó rẹ̀ ti ya! Mo ti rí ẹni tó ń fi ohun tó ní yangàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ orúkọ ohun tí kò tíì rà, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé wọn láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá sí Minna kí wọ́n tó bí mi. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti dúró ní téṣàn, bàbá mi á tẹ̀ lé e láti orí dé ìrù, wọ́n á máa fi òòlù kékeré kan tí ọwọ́ rẹ̀ gùn lu ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tí irin rẹ̀ bá pé á dún gbọnran bí agogo. Èyí tó bá ti là níbì kan tí ojú kò tíì rí i, ohùn rẹ̀ á kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá mi máa ń lu ẹsẹ̀ kan. Wọ́n ní ẹni tó bá lu ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, etí rẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, kí ó lọ máa ta gúgúrú. N kò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti mọ ohun kan ti mọ gbogbo nǹkan tán. Òòlù yẹn ni wọ́n fi ń kan ìkòkò kí ìyá mi tó rà á. Òun náà ni wọ́n fi kan ògiri ilé tí à ń gbé kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ onílé.

Èmi ni àbíkẹ́yìn wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì ti wọ rélùwéè lọ, ọ̀kan sí Kano, èkejì sí Èkó, ọdún Kérésìmesì nìkan la sì ń rí wọn, bí a bá rí wọn. Nígbà tí mo parí ilé ìwé girama, wọ́n gbà mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́, lọ́nà Kontagora. Rélùwéè kò dé ibẹ̀. Lọ́rì oníṣu àti lọ́rì ẹlẹ́pà ló ń lọ, tí èrò ń jókòó sórí àpò, tí karen mota, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ń rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ọ̀bọ. Bàbá mi ní ọmọbìnrin àwọn kò ní wọ lọ́rì láéláé.

Ìyá mi, tó ń dín máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, fún àwọn èrò ní téṣàn, bi wọ́n léèrè níwájú àlejò pé, "Ó dáa, Bàbá wọn, kí ni ọmọ yìí máa wọ̀ débẹ̀?"

Bàbá mi kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu àwọn níwájú àlejò. Wọ́n ní àwọn máa ra mọ́tò fún mi: mọ́tò kékeré tí kò wọ́n, tí kò sì ní dá mi dúró sínú igbó. Àbúrò ìyá mi, tó ń wa ọkọ̀ fún àwọn tó ń ṣe títì, á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á. Bí a bá rí mọ́tò tó dáa kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wọlé, n ó lọ. Bí a kò bá rí i, n ó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ wo? Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti sọ fún wa pé ẹni tí kò bá dé lọ́jọ́ ìwọlé, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni ìwé mi ṣe wá so kọ́ sára mọ́tò.

Ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé bàbá mi lórí. Bàbá tó fẹ́ ra mọ́tò fún ọmọ obìnrin! Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n pe bàbá mi síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jó lọ, wọ́n jó bọ̀, n kò sì tíì fojú kan táyà kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ wọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ilé wa, wọ́n á máa gba bàbá mi nímọ̀ràn. Kò sí èyí tó di ìtọ́kọ̀ mú rí nínú wọn. Ọ̀kan ní ọkọ̀ pupa máa ń gbóná ju ọkọ̀ funfun lọ. Òmíràn ní ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ bá kúrú kì í lè gun òkè, ó sì fi ọrùn ara rẹ̀ tó kúrú ṣe àpèjúwe. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Èmi ni mo ń gbé omi fún wọn mu.

Òyìnbó kan tó ń múra àtipadà sílùú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ọkọ̀ títà, dúdú kékeré kan. Àbúrò ìyá mi ṣí iwájú rẹ̀, ó yẹ epo rẹ̀ wò, ó wà á dé odò Chanchaga, ó sì wà á padà.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí dáa," ló wí. "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò wú ikọ́ kankan."

Bàbá mi sún mọ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi wé òòlù wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n lu táyà. Pọ̀. Wọ́n dẹ etí. Wọ́n yí lọ sí èkejì. Pọ̀. Wọ́n lu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n nàró, wọ́n mi orí.

"Kò dún. Ọkọ̀ yìí ti là níbì kan."

Òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo táyà rẹ̀. N kò mọ ibi tí n ó fi ojú mi sí. Ẹsẹ̀ rélùwéè, irin lásán ni. Ẹsẹ̀ mọ́tò, rọ́bà ni wọ́n fi wé e, afẹ́fẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi máa lu rọ́bà títí di ọjọ́ àjíǹde, bóyá ó máa dún bí agogo! Àbúrò ìyá mi mọ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú òyìnbó pé ohun tó ń ṣe kò mọ́gbọ́n wá? A dákẹ́, a sì pe dídákẹ́ náà ní ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi nílé, wọ́n ní, "Fi bàbá ẹ sílẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe." Mo rò pé ìyá mi ń gbèjà ọkọ wọn ni.

Ọkọ̀ kejì jẹ́ ti Kòráà kan, oníṣòwò Lárúbáwá tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà. Níbẹ̀, ọjà ló pé lé wa lórí. Bàbá mi ń lu táyà, àwọn ọmọdé ń pariwo "pọ̀!" tẹ̀ lé e. Kòráà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Baba, mota ce, ba jirgi ba!" Mọ́tò ni, kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin.

Bàbá mi ní, "Irin ni irin ń jẹ́," wọ́n sì wé òòlù wọn.

Ó yẹ kí ìtìjú ọjọ́ yẹn tó wọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jókòó sábẹ́ dóńgóyárò, wọ́n ń sọ fún àwọn olùdámọ̀ràn wọn pé ènìyàn méjì ti gbìyànjú láti rẹ́ àwọn jẹ, etí àwọn ló gba àwọn. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń pàtẹ́wọ́. Èyí tí ọrùn rẹ̀ kúrú tún ti ṣe tán láti fi í ṣe àpèjúwe. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, ṣé òmùgọ̀ báyìí ló bí mi? Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, ètè gbogbo ayé ti gbẹ, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa wọlé, a gbọ́ nípa ọkọ̀ kẹta. Wolé-wolé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, ará ilẹ̀ wa, ó ń gbé ní Kpakungu, ibi tó jẹ́ pé oko ló ṣì pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó sì fẹ́ padà sílé. Ọkọ̀ ẹlẹ́yìn ìjàpá ni. Owó tó pè é kò tó iye tí bàbá mi fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ní nílẹ̀. Àbúrò ìyá mi wà á yí oko ká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí èmi náà jókòó sídìí ìtọ́kọ̀. Mo wà á díẹ̀, bí ìgbín, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu mi láìdá a dúró. Mo ti rí ara mi ní Kontagora.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, bàbá mi ti ń tú aṣọ òòlù.

Pọ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo gba òòlù náà lọ́wọ́ wọn. Mo lu táyà ìjàpá, pọ̀. Mo lu táyà kẹ̀kẹ́ bàbá mi tó fara ti igi, pọ̀. Mo wá lu ọ̀pá irin tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́. Gbọnran!

"Bàbá, rọ́bà ni! Rọ́bà kì í dún! Kò sí mọ́tò kankan láyé yìí tó máa dún fún yín!"

"Haba!" ni ìyàwó wolé-wolé wí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá mi kò bú mi. Wọ́n gba òòlù wọn, wọ́n wé e, wọ́n sọ fún wolé-wolé pé, "Ẹ ṣeun, a ó padà wá." Wọ́n mú kẹ̀kẹ́ wọn, wọn kò gùn ún, wọ́n ń tì í lọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ lẹ́nu, nítorí mo mọ̀ pé mo ti dójú ti bàbá mi ní gbangba. Bàbá mi sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀, Bàbá?"

"Pé rọ́bà kì í dún. Ìgbà wo ni mo ti ń lu irin? O rò pé n kò mọ ohun tó ń dún yàtọ̀ sí ohun tí kì í dún?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ń lù ú?"

"Bí mo bá ní kí o má lọ, ìyá ẹ á bá mi jà, ṣọ́ọ̀ṣì á bá mi jà. Bí mo bá ní mọ́tò kò dáa, ta ló máa bá mi jà?" Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ lọ díẹ̀ sí i. "Èmi ni mo lu ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó gbé àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ lọ. Ó dún dáadáa. Ṣé wọ́n padà?"

Ẹ̀bẹ̀ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gàn wọ́n, òmùgọ̀ ni mo fi ń pè wọ́n. Ó sàn fún mi kí wọ́n jẹ́ òmùgọ̀, nítorí òmùgọ̀ ṣì ṣeé là lóye. Ẹni tó mọ̀ ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹ́ Mai mota. Gbogbo ìyìn baba rere ni wọ́n gbà tán, wọn kò sì fẹ́ san ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yìn wọ́n. Wọ́n nífẹ̀ẹ́ mi, n kò jiyàn. Ìfẹ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ wolé-wolé. Inú bí mi débi pé n kò lè sunkún.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi bí ó ti rí. Wọ́n ń po ìyẹ̀fun máásà. Wọ́n nu ọwọ́ wọn.

"Lọ di ẹrù ẹ," ni wọ́n wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi bá wa lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí. Wọ́n ti wọ kakí iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Ajá kọ́," ìyá mi dáhùn. "Ọmọ yín ni."

Lọ́rì oníṣu ni mo wọ̀. Ìyá mi bẹ dírẹ́bà títí ó fi gbà mí síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kí n má baà gun orí iṣu. Ibi tí ọ̀nà ti gba orí irin kọjá ni a ti dúró, nítorí ìrù ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù kan dí ọ̀nà. Bàbá mi sì ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù. Gbọnran. Wọ́n sún síwájú. Gbọnran. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ tó wà níwájú lọ́rì wa gan-an, wọ́n lù ú, ó dún, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n sì rí mi.

N kò ju ọwọ́ sí wọn. N kò tíì dárí jì wọ́n, n kò sì fẹ́ díbọ́n.

Wọ́n tún lu ẹsẹ̀ kan náà. Ó dún gbọnran. Wọ́n tún lù ú. Ọkùnrin tó mú àsíá dání pariwo sí wọn láti ọ̀ọ́kán pé kí wọ́n ṣe kíá, wọ́n sì tún lù ú.

Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Tsohon nan ba ya ji ne?" Ó ń béèrè bóyá bàbá arúgbó yìí kò gbọ́ràn ni.

"Bàbá mi ni," mo dá a lóhùn. "Wọ́n gbọ́."