Ọmọláńgidi Tó Ń Tọrọ Gáfárà Kó Tó Pààyàn

Ìtàn ẹ̀rù kan ṣoṣo ni mo kọ rí láyé mi, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi gbà á. Ká ní mo gbà kó parí síbẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fẹ́ ọkùnrin tó wù ú. Ó ti lé lógún ọdún báyìí, mi ò tíì jẹ́wọ́ fún un. Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ máa ń pa mí, kí ojú tó wá tì mí.

Ìlobù là ń gbé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Màámi ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì tó ti ń ta aṣọ, ìpara, mílíìkì alágolo àti ṣúgà. Òun àti bàbá wa wà lára àwọn tó ti Gánà padà wálé ní 1969, bàbá wa sì kú kí n tó gbọ́njú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù fún un. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi, Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́; á wọ bọ́ọ̀sì lọ láàárọ̀, á wọ̀ ọ́ padà nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ń ránṣọ ni ọkùnrin kan ti ń tún rédíò ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ara wọn. Ọmọ Ìfọ́n ni ọkùnrin náà.

Ẹni tó bá mọ Ìlobù àti Ìfọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín wa látọjọ́ pípẹ́. À ń fẹ́ra wa, à ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wa, a jọ ń kírun, ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti kan oko, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ní oko kan lápá ààlà tí kò lè dé mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ Ìfọ́n lòun fẹ́ fẹ́, Màámi kò sọ pé rárá, kò sì sọ pé ó dára. Ó ní kí ọmọ náà máa wá, kí òun kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọkùnrin náà kò fi ẹnu lásán wá. Ó lọ wá ọmọláńgidi kan tó ga tó èèyàn, irú èyí tí àwọn aránṣọ máa ń wọ aṣọ fún síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó gé orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó fi irin so wọ́n padà, ó wá fi mọ́tọ̀ tó ń yí wáípà ọkọ̀ sí i nínú ikùn. Ó gbé téèpù kékeré kan sí i láyà. Ó tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Màámi, ó fi súìṣì sábẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti tẹ ẹní náà, ọmọláńgidi á kúnlẹ̀, á tẹrí ba, á ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ṣé tí ẹ wá." Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Bátìrì ọkọ̀ ló ń lò, nítorí náà kò fi ti iná ìjọba ṣe.

Màámi fẹ́ràn rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ó wọ ìró àti bùbá fún un, ó wé gèlè fún un. Àwọn èèyàn ń ti ìlú Ẹ̀rìn wá wò ó, wọn kì í sì í fọwọ́ lásán padà. Kì í ṣe pé kò ní àléébù tirẹ̀. Kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé: ọmọ ọdún mẹ́fà kan wá ra ṣúgà, ọmọláńgidi kúnlẹ̀ fún un, ọmọ náà ju owó sílẹ̀ ó sá lọ bá ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ kan tẹ ẹní, ó kúnlẹ̀ fún ewúrẹ́ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá. Nígbà mìíràn kò ní lè dìde mọ́, èmi àti Màámi á wá gbé e lábíyá. Síbẹ̀ Màámi á ní, "Ẹni tó ṣe nǹkan yìí, wọ́n kọ́ ọ nílé." Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ọjọ́ tí ẹbí ọkùnrin náà máa wá mọ̀ wá. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé orin ló fi ń pọn omi.

Èmi ní tèmi, mo ti ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán, mo ń retí èsì, mi ò sì níṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ju kí n máa gbá ṣọ́ọ̀bù. Mo rí ìwé Òyìnbó kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ìtàn ohun ìṣeré onírin tó ń pa àwọn tó ni ín. Ó bà mí lẹ́rù gan-an. Mo wá wo ọmọláńgidi tiwa, bí kì í ti í ṣẹ́jú bó bá ń kúnlẹ̀, mo ní èmi náà ti rí ìtàn kọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, àwọn obìnrin àdúgbò máa ń dirun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Ibẹ̀ ni mo ti kà á sí wọn létí. Nínú ìtàn mi, ọmọláńgidi náà bọ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó mú sáàsì tí aránṣọ fi ń gé aṣọ, ó rìn gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀n wọ yàrá ìyá arúgbó kan tó ń sinmi. Ó yẹ kó wá sọ̀rọ̀ tó máa dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló wà níwájú rẹ̀, èmi tí mo sì kọ ọ́, ilé tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo kọ nìyí: "Ẹ kú ọ̀sán mà. Gáfárà mà. Ẹ má bínú, mo fẹ́ pa yín ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Onídìrí fi òòyà sílẹ̀.

"Ó kúnlẹ̀ àbí kò kúnlẹ̀?" ìyá kan ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ó kúnlẹ̀ mà."

"Ṣé ìyá yẹn wá ní kó dìde?"

"Bó bá ṣe èmi ni," òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, "n ó ní kó jẹ́ kí n jẹun tán ná. Ọmọ tó mọ̀wàá hù báyẹn, kò ní kọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ló rẹ́rìn-ín jù. Ó jábọ́ lórí àpótí, ó sì ń fi ohùn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tún un sọ pé, "Ẹ má bínú, mo fẹ́ pa yín ni." Láti ọjọ́ náà, bí àwọn obìnrin yẹn bá ti rí mi ní títì, wọ́n á ní, "Òǹkọ̀wé, gáfárà o."

Ó dùn mí. Èmi tí mo fẹ́ kí wọ́n sá! Mo padà lọ yọ gbogbo ọ̀wọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, mo kọ pé, "Ìwọ ìyá yìí, mo máa pa ọ́." Mo gbé e lọ fún onídìrí lọ́jọ́ kejì. Ó gbọ́ ọ, ó lejú.

"Ta ló kọ́ ọ pé kó máa pe àgbàlagbà ní ìwọ?"

"Apààyàn ni mà."

"Apààyàn kò níyàá ni? Ìkọkúkọ lo kọ yìí o."

Sáàsì kò bí i nínú, ìpànìyàn kò bí i nínú, "ìwọ" ló bí i nínú. Lónìí mo mọ̀ pé òun ló gbọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo ya ojú ìwé yẹn dànù. Mo jókòó, mo bi ara mi pé kí ló ń ba àwọn obìnrin wọ̀nyí lẹ́rù gan-an. Kì í ṣe irin, kì í ṣe mọ́tọ̀ wáípà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i, nítorí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn kan péré ni mo fi kún ìtàn náà: "Ọkùnrin tó ṣe é kì í ṣe ará ìlú wa, òdìkejì ààlà oko wa ló ti wá, ó sì ti kọ́ ọ kó máa ka iye èèyàn tó wà nínú ilé."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún kà á. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí nílé, aṣọ ìyàwó kan ló dá a dúró sí Òṣogbo. Nígbà tí mo dé ibi gbólóhùn yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ onídìrí dúró lórí ẹni tó ń dirun fún. Màámi ń kọjá lọ pẹ̀lú abọ́ omi. Òun náà dúró.

"Tún ibẹ̀ kà," Màámi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo tún un kà. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé ẹ̀rù ti bà wọ́n, mo sì sọ nínú ara mi pé ìtàn mi ti dára wàyí. Ìyá kan ní, "Lóòótọ́, ta ló mọ ohun tó wà nínú ikùn nǹkan yẹn?" Òmíràn ní wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìjà nínú oko látijọ́ mẹ́ta. Màámi da omi abọ́ náà sílẹ̀, ó wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n Màámi, olórí ẹbí tí Màámi ti ránṣẹ́ sí, dé pẹ̀lú ọmọ odó. Ó tẹ ẹní. Ọmọláńgidi kúnlẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ṣé tí ẹ wá." Bàbá náà, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára, dáhùn pé, "O káre, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ odó sókè, ó là á mọ́ ọn lórí. Kò rántí kúrò lórí ẹní náà. Bó ṣe ń lù ú ni súìṣì ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń ṣubú là ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá." Màámi yíjú sí ògiri. Èmi sá jáde lọ sẹ́yìn ilé, mo fi aṣọ dí ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ẹ̀rín nìkan kọ́ ni o, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà níbẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Nírọ̀lẹ́, kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé, ọkùnrin náà gbé bátìrì tuntun wá. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó rí ohun tó wà nílẹ̀.

"Kó ẹrù rẹ," Màámi wí fún un. "Kí àwọn ẹbí rẹ má ṣe wàhálà àtiwá mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe?"

"O mọ ohun tí o ṣe."

Ó fi àpò ìrẹsì kó o, apá, orí, mọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ ni mo dì mú. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó rọra ní, "Àbúrò, kí ni mo ṣe?" Mo ní, "Ẹ má bínú sà." Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí n fi nǹkan kún un. Mo ń gbálẹ̀ lọ.

Mo dáná sun ìwé àjákọ náà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí, Màámi kò là á fún un, àwọn tó ń dirun náà pa ẹnu mọ́. Ó padà fẹ́ ẹlòmíràn tí ẹbí fọwọ́ sí. Wọn kò gbé pọ̀ pẹ́, òun nìkan ló tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

Lẹ́yìn fídáù Màámi, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí yàrá Màámi, à ń ká ìró rẹ̀ sínú àpótí.

"Ìwọ wà nílé lọ́jọ́ yẹn," ó ṣàdédé wí.

"Ọjọ́ wo, Àǹtí?"

"Ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ọmọláńgidi yẹn. Màámi ní ọkùnrin náà rí àwọn fín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wá bá mi ní Òṣogbo, ó ń búra pé òun kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo da omi sí i lára lójú gbogbo èèyàn, mo pè é ní onírọ́. Nígbà tí àìsàn Màámi pọ̀, mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kí ló ṣe gan-an?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ewú tó ti gba iwájú orí rẹ̀, mo sì gbé e mì.

"Mi ò mọ̀, Àǹtí."

Ó mi orí. "A jẹ́ pé ó ṣe é lóòótọ́ nìyẹn. Bí kò bá ṣe é ni, ìwọ ì bá ti sọ fún mi."

Ó mú ìró mìíràn, ó na etí rẹ̀ kan sí mi kí a jọ ká a, mo sì dì í mú.