Bí Mo Ṣe Fi Ìdọ̀bálẹ̀ Jẹ Agolo Mílíìkì

Lọ́dún tí mílíìkì ọmọdé di ohun tí à ń tò fún ní Dùgbẹ̀ títí oòrùn fi ń kan àtàrí, páálí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá onílé wa ní Agbowó. Mo fojú mi rí i. Kò tà á fún wa, kò sì bùn wá. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá fi tẹ́tẹ́ káàdì tó ń jẹ́ póòkà jẹ ẹ́ lọ́wọ́ òun, agolo sí agolo, lọ́sàn-án Sátidé.

Ìrẹ́jẹ gbáà ni. Bàbá a máa yọjú wo káàdì tí a ti kó dànù. Òun ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, torí òun ló dàgbà jù. Èyí tó wá burú jù ni pé bó bá ń halẹ̀ láìní nǹkan kan lọ́wọ́, tí o ní kó ṣí i ká rí i, á ní, "Ṣé òpùrọ́ lò ń pè mí ni?" Ayálégbé wo ló fẹ́ dáhùn ìyẹn? Ni gbogbo wa bá ń kó káàdì wa dànù. Ṣùgbọ́n bí àwa bá halẹ̀ mọ́ ọn, kì í sá, kì í kó káàdì tirẹ̀ dànù. Ó ní òun kì í sá fún ẹni tí òun lè bí.

Agolo mẹ́rin ló kù fún ọmọ wa. Ìyàwó mi ń wò mí bí mo ṣe ń kó wọn jáde.

"Bó o bá pàdánù wọn, ìwọ lo máa fún un lọ́mú o."

Nígbà tó yá, ó ku èmi àti bàbá nìkan. Agolo méjì tèmi, méjì tirẹ̀, ti wà lórí tábìlì níta. Káàdì márùn-ún ọwọ́ mi kò bára tan rárá. Mo ṣírò rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì: bí mo bá fi agolo méjì tó kù halẹ̀ láti kó mẹ́rin tó wà nílẹ̀, tí bàbá sì ń sá lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta, n kò jèrè, n kò pàdánù. Bó bá ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè dé. Ṣùgbọ́n bàbá kì í sá! Ìṣirò ní kí n máa lọ sílé.

Àmọ́ n kò tíì rí i kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un kó kọ ẹ̀bẹ̀.

Mo sún agolo méjèèjì síwájú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yanrìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi agolo yín tẹ̀ lé tèmi. Káàdì ọwọ́ mi le. N kò fẹ́ dójú ti àgbà níta gbangba."

"Ṣé o ti mutí ni?"

"Ẹ foríjì mí, sà. Ẹ jẹ́ ó parí síbí."

Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé tó ti kó káàdì dànù bá mi dá sí i: "Bàbá, ọmọ yín ni. Ó kúkú ti dọ̀bálẹ̀."

Bàbá ń wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. Èmi kò gbórí sókè. Igbe ọmọ mi ni mò ń gbọ́ létí, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún ń sùn nílé.

"Dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ni mo wò. Ká ní o lé téńté níwájú mi ni, ǹ bá fi ojú rẹ rí nǹkan." Ó ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀.

Kó tó ní kí n ṣí tèmi, mo ti pò ó mọ́ ìyókù.

Ìyàwó mi rí agolo mẹ́fà, ó gbé omi kaná. Ìgbà tí ọmọ ń mu ún, tó ń mí fìn-ìn fìn-ìn nímú, ló tó wò mí dáadáa.

"Báwo ni yanrìn ṣe dé àyà ẹ?"

Mo fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín gbé mi, àfi bí mo ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì.