Òkú Tó Ń Gẹrun

Onígbàjámọ̀ ni nínú iṣẹ́ ológun. Àfátán là ń pè é, torí kò sí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fá tí kì í fá tán. Òjò lè dé, ọ̀gá lè pè é. Yóò ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, yóò sì gẹ̀ ẹ́ tán. Èmi ni mò ń dáná fún ẹgbẹ́ wa. Ogún ọdún ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tí wọ́n kó wa lọ sókè òkun, pé ká lọ fi eré ogun dánra wò pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ wa, ìyàwó Àfátán kan ìṣó kan mọ́ ògiri pálọ̀. Ó ní ibẹ̀ ni àmì ẹ̀yẹ máa wà. Idẹ ni, wọ́n á fún gbogbo ẹni tó bá parí eré náà láàyè. Kò sí ará bárékè tí obìnrin yìí ò fi ìṣó náà hàn. Ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé tó bá dé lọ́wọ́ òfo, ìgbálẹ̀ lòun máa gbé kọ́ sórí ìṣó náà, òun á sì máa sọ fálejò pé ohun tí ọkọ òun gbà bọ̀ láti òkè òkun nìyẹn.

Ìbọn eré náà kò ní ọta, ariwo lásán ni. Rẹfirí ló ń sọ ẹni tó kú. Tó bá ti nawọ́ sí ọ, o kú nìyẹn. Wọ́n á so káàdì mọ́ ọ lọ́rùn, o di ará àgọ́ òkú títí eré á fi parí. Òkú kì í gba àmì ẹ̀yẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, Àfátán ń gẹrun fún mi nínú kòtò tí a gbẹ́. Ọ̀tún ti tán, ó ku òsì. Wọ́n fọn fèrè pé ogun dé. Gbogbo èèyàn sá. Mo fẹ́ dìde, ó tẹ orí mi mọ́lẹ̀.

Ó ní, “Jókòó. Ta ló ń gbé ìdajì orí sá?”

Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ogun ọ̀rẹ́ wa, tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá wa nínú eré, jáde látinú igbó, wọ́n na ìbọn sí wa. Àfátán na ìka mẹ́ta sókè, pé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ó gẹ̀ ẹ́ tán, ó gbọn aṣọ, ó yọ̀ǹda fún wọn. Wọ́n yìnbọn pa àwa méjèèjì.

Ọ̀gá tiwa kan ni rẹfirí ọjọ́ náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín. Àfátán bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ní tóun bá ṣojúsàájú fún ará ilé, kí làwọn ọ̀rẹ́ máa sọ?

Bí a ṣe dèrò àgọ́ òkú nìyẹn. Àfátán fi páálí ìbọn ṣe àga, ó so dígí mọ́ òpó àgọ́. Òkú tiwa, òkú tiwọn, gbogbo wọn ń tò. Àwọn mẹ́rin tó pa wá náà kú lọ́jọ́ kẹta, wọ́n wá gẹrun. Èmi ń bó ọ̀dùnkún. Wọ́n ní òkú ò gbọdọ̀ jagun, wọn ò ní kó má bó ọ̀dùnkún.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìdágbére. Aago mẹ́jọ ni ọ̀gá àgbà àwọn ọ̀rẹ́ wa máa dé, tí wọ́n bá sì ti fa àsíá sókè, fìlà á kúrò lórí gbogbo èèyàn. Ní aago méje, rẹfirí yìí wọlé, irun rẹ̀ ti kún. Ó jókòó. Àfátán ta aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń ṣiṣẹ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀tún dán, ó nu kílípà, ó fi í sápò, ó káwọ́ gbera.

“Kí ló dé?”

“Òkú ni mí, sà. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ọ̀gá wo dígí. Ó ní òun máa tì í mọ́lé. Àfátán fi ọ̀wọ̀ béèrè ibi tí wọ́n ń ti òkú mọ́. Ọ̀gá ní kí èmi gba kílípà. Mo ní èmi náà ti kú, sà, àti pé ewúrẹ́ nìkan ni mo fá rí. Ó dìde, pé òun á wá onígbàjámọ̀ mìíràn.

Àfátán ní, “A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, sà. Tẹ́ ẹ bá jáde, ìdajì yìí náà lẹ máa gbé jáde.”

Ọ̀gá tún jókòó. Èmi nìkan ni mo rí ọwọ́ Àfátán. Ó ti wọ àpò lọ di kílípà mú. Ó ń wo apá òsì yẹn bí ẹni tébi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ. Ká ní ọ̀gá lè mú un mọ́ra fún ìṣẹ́jú kan sí i ni, Àfátán ì bá gẹ̀ ẹ́ tán láìgba nǹkan kan. Ọ̀gá ò mọ̀. Fèrè àkọ́kọ́ dún. Ó béèrè bírò.

“Kí ni kí n kọ?”

“Pé mo ti jí, sà.”

Ó kọ ọ́ sínú ìwé eré, ó lù ú ní òǹtẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, orí pé.

Nígbà tí a délé, àmì ẹ̀yẹ gun ìṣó. Ará bárékè wá wò ó. Ìyàwó mọ̀wé ju àwa méjèèjì lọ, ó mú ìwé tó bá àmì náà wá, ó kà á sókè: ó kú lọ́jọ́ kìíní, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, ó jí lọ́jọ́ kẹsàn-án, aago méje ààbọ̀. Ó ká ìwé náà. Ó wo ọkọ rẹ̀.

Ó ní, “Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó o ti kú, o ò ránṣẹ́ sí mi.”

Ó kan ìṣó kejì, ó gbé ìgbálẹ̀ kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ idẹ.

Ní tèmi, n ò rántí bẹ ọ̀gá kó tó jáde. Nínú ìwé wọn, mo ṣì wà nínú àwọn òkú títí dòní.