Eku Tó Kú ní Sokodé

Nílé wa ní Kambolé, bí àìsàn ẹnìkan bá ti le jù, ẹran la fi ń ṣe sàárà. Aláìsàn á gbé ọwọ́ lé ẹran lórí, alùfáà á ṣe àdúà, wọ́n á dúńbú rẹ̀, wọ́n á sì pín in fún aládùúgbò. Ẹran lọ, àìsàn bá a lọ. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé adìyẹ, ó gbé e lé ewúrẹ́, ó gbé e lé àgbò. Ẹ̀tẹ̀ ò gbọ́. Nígbà tí àwọn Faransé ń kó àwọn adẹ́tẹ̀ lọ sí abúlé tí wọ́n kọ́ fún wọn létí Sokodé, wọ́n mú ìyá mi náà lọ.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi gbé iṣu lọ fún un, ó sì mú ìròyìn bọ̀. Ó ní dókítà òyìnbó gé díẹ̀ lára etí ìyá mi, ó lọ̀ ọ́, ó wá fi abẹ́rẹ́ gún un sára àwọn eku funfun kan tó ń sìn nínú àgò. Ọkùnrin kan, ará Kòmà, àdúgbò kan ní Sokodé, tó ń tọ́jú àwọn eku náà ló ṣàlàyé fún un pé bí ẹ̀tẹ̀ bá lè mú eku, dókítà á rí ohun tó máa fi dán oògùn wò. Àwọn ará ilé ní wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Bàbá mi ò bá wọn dá sí i. Ó gbọ́ àlàyé náà yékéyéké, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣe sàárà láti kékeré, kí lẹ fẹ́ kó rò?

“Sàárà tiwọn nìyẹn,” ó ní. “Bí eku bá ti kú, ìyá yín ti bọ́.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà ikú fún eku nìyẹn o. Bí mo bá kírun tán, eku ni mo máa ń bá Ọlọ́run sọ. Bí bàbá mi bá sì ti Sokodé dé, a ó sáré pàdé rẹ̀.

“Eku ńkọ́?”

“Ó ń jẹun. Ó tiẹ̀ sanra jù mí lọ.”

Mo kórìíra eku yẹn ju ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́, lọ́jà Tchamba, ẹnìkan tó ti Sokodé bọ̀ sọ fún bàbá mi pé eku kan ti kú. Bàbá mi délé, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fi amọ̀ rẹ́ ògiri yàrá ìyá mi. Mo fọ àwọn aṣọ rẹ̀, mo ká wọn sínú agbọ̀n. Èmi àti bàbá mi wá lọ mú un wálé.

A bá a níta, ó jókòó lórí ẹrù tó ti dì. Òun náà ti gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ará Kòmà ló jáde wá bá wa.

“Bàbá, ẹ má bínú. Dókítà la inú eku náà, kò rí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ kankan níbẹ̀. Òtútù ló pa á. Ẹ̀tẹ̀ ò mú èyíkéyìí nínú wọn.”

“Ikú ara rẹ̀ ló kú?”

“Ikú ara rẹ̀ ni.”

Ọkàn mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè sunkún. Ìyá mi tú ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìka tí kò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Mo fẹ́ bá a tú u, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà.

“Etí kejì ṣì wà. Ẹ bá mi sọ fún dókítà kó wá gé e.”

Nígbà tí èmi àti bàbá mi nìkan padà dé Kambolé, ògiri yàrá rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ìyá mi ò sùn níbẹ̀ títí tó fi kú.