Ajá tó ń gbó mọ́ àga Bàbá Débọ̀

Ẹni tó bá ti gbé ilé wa ní Mushin rí yóò mọ Ìyá Débọ̀. Adéfúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tọ́jú ọkọ rẹ̀, Àkàngbé, tí àtọ̀gbẹ dá dúró sílé. Abẹ́rẹ́ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́, òun náà ló ń gún un. Bí wọ́n pè é síbi ìsọmọlórúkọ o, bí wọ́n pè é sí Ògbómọ̀ṣọ́ nílé wọn o, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Mi ò lè wá o. Mo ní aláìsàn nílé." A ti mọ̀ ọ́n sórí. Mo tiẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí áńgẹ́lì bá wá pè é lọ sọ́run, èsì tí yóò gbà nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá kú, gbogbo wa sunkún, ṣùgbọ́n mo sọ nínú ara mi pé obìnrin yìí bọ́ wàyí. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Ajá ọkọ rẹ̀ ló kù nílé. Tanímọ̀la ni wọ́n ń pè é. Bàbá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí onílé ṣe fọ́nńté sí i, kó lè máa fi pípe ajá dá a lóhùn. Ajá náà ti dàgbà, ó ń rù, ojú rẹ̀ sì ti ń funfun bí ògì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ ń ṣú, ó dúró níwájú àga tí Bàbá máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó ń gbó mọ́ ọn. Kò sẹ́nì kankan lórí àga. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà.

Ta ni kò mọ̀ pé ajá máa ń rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí? Bàbá Quadri, mẹkáníìkì tó ń gbé yàrá iwájú, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: "Bàbá Débọ̀ ló ń rí jàre. Ẹ ò rí bójú ẹ̀ ṣe funfun ni?" Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa ń gbà wọlé. Èmi náà ń gbà á. Kí ni n ó fi irọ́ ṣe?

Ìyá Débọ̀ ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù. Inú rẹ̀ dùn ni. Ó gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó ń ròyìn ọjọ́ fún ọkọ rẹ̀: ẹni tó gbé aṣọ wá, ẹni tí kò tíì wá gbé tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kò síbi tó wà tí kò ní sáré wálé. Débọ̀, ọmọ rẹ̀, rí ilé tó dáa gbà sí Yábàá, ó ní kí ìyá òun wá máa bá òun gbé. Ìyá ní, "Kí n wá fi bàbá ẹ sílẹ̀ fún ta?" Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i. Kàkà kéwé àgbọn ó dẹ̀, pípele ló ń pele sí i.

Lọ́jọ́ kan, orúnkún ń ro ó, ló bá jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀. Ó fi ìpara kan pa orúnkún, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Tanímọ̀la ti inú ilé bọ̀, ó dúró, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó mọ́ Ìyá Débọ̀ bí ẹni pé olè ló wọlé. Mo yọjú. Obìnrin náà ò mira. Ó na ọwọ́ síwájú ojú ajá, ó fì í sọ́tùn-ún, ó fì í sósì. Ojú ajá kò tẹ̀ lé e. Ó wá ní, "Tanímọ̀la, èmi ni." Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù.

"Kò rí mi," ló wí. "Èmi tí mo wà láàyè, kò rí mi. Ṣé Àkàngbé ló wá ń rí?"

Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo tẹ̀ lé e. Ibi tí ajá máa ń tọ̀ sí lẹ́bàá ògiri ló tan iná sí. Èèrà bò ó bámúbámú. Ó bi mí bóyá mo kíyè sí i pé omi tí ajá yìí ń mu ti pọ̀ jù. Mo ní mo ṣebí ooru ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irú èèrà yẹn ló kọ́kọ́ rí nídìí ìtọ̀ ọkọ rẹ̀ kí àìsàn tó dá a dúbúlẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn oníkẹ̀kẹ́ kọ̀, wọn ò gbé ajá, ni Bàbá Quadri bá fi jálòpì rẹ̀ gbé wa lọ bá dókítà ẹranko kan ní Sùúrùlérè. Dókítà Glory lorúkọ rẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí ajá, ó fi ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni, òun náà ló ba ojú rẹ̀ jẹ́: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òjìji lásán ló ń rí, kò lè mọ àga yàtọ̀ sí ènìyàn.

"Mọ́mì, abẹ́rẹ́ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́ ni, tó bá ti jẹun tán, títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ ká fún un lóògùn tó máa fi sùn lọ, kó má jìyà. Ó ti dàgbà, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Ẹ mú oògùn àtọ̀gbẹ yìí dání, kẹ́ ẹ lọ rò ó."

Lójú ọ̀nà, Ìyá Débọ̀ di ajá mọ́ àyà, ó ń sunkún. "Látọjọ́ yìí, àga ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ló ń wí. Bàbá Quadri, tó kọ́kọ́ sọ pé Bàbá ni ajá ń rí, ojú títì ló tẹjú mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Débọ̀, tó ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ, pè. Ìyá rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ kí ohùn lè jáde sóde, torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dí.

"Mọ́mì, ajá ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kẹ́yin náà sinmi. Dádì ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin náà ti wá mọ̀. Mo ń bọ̀ lọ́la, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ tọmọ yín. Tanímọ̀la ti jẹun tán, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ Ìyá Débọ̀ kó lè mọ ibi tó wà. Obìnrin náà fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó fi èékánná ta á kí afẹ́fẹ́ jáde, ó ká awọ ẹ̀yìn ọrùn ajá, ó gún un.

Ó wá tẹ orí ba síbi fóònù.

"Débọ̀, mi ò lè wá o," ló wí. "Mo ní aláìsàn nílé."