Igun Aṣọ tí Adìyẹ Tẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ọjọ́ kejì Iléyá kan, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Àílà lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa ní Ifo, ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí bẹ̀rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ náà nítorí pé ẹran ṣì wà lórí iná. Mo rántí àsìkò náà nítorí pé ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kẹ́tùlù àlùwàlá wọn ni.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ojú mi ń yí padà bí wọ́n bá ti ń yin ẹ̀gbọ́n wa aládìrẹ, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí mo rí ni màá sọ. Èyí tí mi ò rí, màá sọ fún yín pé mi ò rí i.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá àgbà ń ṣe. Wọ́n á se ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù díẹ̀, òkúta funfun tó ń kan lẹ́nu, sí i, a ó wá fi ìyẹ́ adìyẹ yà á sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Bí a bá ti yà á tán, a ó sá a sí àgbàlá kó gbẹ, kó tó wọ inú ìkòkò aró. Àwọn obìnrin àdúgbò náà máa ń gbé aṣọ tiwọn wá sínú ìkòkò kan náà, nítorí náà kálukú ló ní àmì tó ń fi abẹ́rẹ́ rán sí igun aṣọ rẹ̀, kí ti Lámọrín má baà bá ti Làkáṣègbè lọ. Òwú pupa ni mo fi ń rán tèmi: ìlà kékeré méjì tó dúró ti ara wọn bí ìbejì.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mò ń gbé. Èmi ni mò ń kó eérú tí wọ́n ń pò mọ́ aró, èmi ni mò ń ro ẹ̀kọ kó má dì. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Mowe ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ìgbà ọlidé nìkan ló ń wá. Oṣù mélòó kan péré ló fi jù mí lọ, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n ni mo gbọ́dọ̀ pè é, "ẹ" ni mo sì gbọ́dọ̀ fi máa bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbà á ju ìyẹ́ sílẹ̀: "Arẹwà mi dé o!" Èmi tí mo jí bá wọn láàárọ̀, mi ò dé láti ibì kankan, nítorí náà kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí odindi aṣọ àkọ́kọ́ tí èmi nìkan yà ni. Ìlà tín-ín-rín ni mo fà, lóròó àti níbùú, kò sí èyí tó wọ́. Ọwọ́ mi gún. Ìyá àgbà fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ń dúró kí wọ́n tún un sọ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò tíì sọ ọ́ tí ìrun fi tó. A sá aṣọ náà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé adìyẹ." Ẹni tó bá ń sá ẹlẹ́kọ mọ̀ pé oúnjẹ ló tẹ́ sílẹ̀ fún adìyẹ.

Nígbà tí èmi àti ìyá àgbà máa fi kírun tán, adìyẹ ti wà lórí aṣọ náà. Wọ́n ń ṣá ẹ̀kọ jẹ, wọ́n ń tu álọ́ọ̀mù dànù, wọ́n tún ń padà sídìí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wọ́n.

"Ṣíọ̀!" Ìyá àgbà ju bàtà. "Ìwọ ọmọ yìí, adìyẹ lò ń ṣọ́ ni àbí aṣọ?"

"Ìyá àgbà, ẹ wo bó ṣe ń rìn. Ó ń kọ̀wé!"

"Kó kọ̀wé sí yín lórí," ni mo wí, ẹkún sì gbà mí lẹ́nu.

Ìyá àgbà ní ṣé kí àwọn fọ ẹ̀kọ náà kúrò, kí n tún un yà. Mo ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kejì: "Ṣé òótọ́ ni pé o ò fẹ́ ẹ?" Mo ní kí wọ́n gbé e fún adìyẹ.

"Ẹ gbé e fún èmi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Wọ́n rẹ ẹ́ láró. Nígbà tí wọ́n ha ẹ̀kọ rẹ̀ kúrò, ìlà mi wà níbẹ̀, funfun, ó gún. Ṣùgbọ́n ibi tí adìyẹ ti tẹ ẹ̀kọ tútù náà, ẹsẹ̀ wọn yọ ní àwọ̀ aró láàárín ìlà. Ibi tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́kọ tẹ aṣọ lásán, ó yọ ní funfun. Ìyẹ́ wọn la fi bẹ̀rẹ̀ aṣọ náà, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ parí rẹ̀. Ó dára. Bí mo bá ní kò dára, irọ́ ni mo pa. Àwọn aládùúgbò ń bèèrè, "Háà, ta ló ya èyí?" Ìyá àgbà á ní, "Àwọn ọmọ mi ni." Wọn ò sọ èwo. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sí Mowe.

Mo lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, mo gboyè. Ẹ̀gbọ́n mi ń yaṣọ. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ya ní oko Ibogun, ipa ìgbín lára ògiri lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ àkùrọ̀ tó sán nítòsí àdúgbò OPIC, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sórí aṣọ rẹ̀. Gbogbo ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà rẹ̀ tó wà nítòsí ni mo lọ, mo sì ń wá àléébù. Ẹyọ kan ni mo rí: ìlà rẹ̀ kì í gún. Ó dà bí ẹni pé èmi nìkan ni ìyẹn ń dà láàmú.

Èyí tó ṣe kẹ́yìn, ní Arepo ni. Àárín ògiri gbọ̀ngàn ni wọ́n fi aṣọ ọjọ́ Iléyá yẹn kọ́ sí. Bébà kan wà lábẹ́ rẹ̀: "Adìyẹ Ló Kọ́ Mi," orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹ̀rọ lẹ fi fa ìlà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ yìí ni? Ó gún jù." Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Mi ò ní fi ohun tí mi ò gbọ́ sí i lẹ́nu.

Ìyá kan ní òun fẹ́ rà á.

"Mọ́mì, èyí kì í ṣe ti títà o. Ẹ bá mi wo ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé adìyẹ máa wá gbà á ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, mo sún mọ́ ọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìbéèrè náà ti wà lọ́fun mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ni aṣọ yìí?"

Ó wò mí dáadáa. Kò bínú. "Ìwọ lo sọ pé o ò fẹ́ ẹ."

"Ìlà ńkọ́?"

"Ìwọ lo fà á. Mo sọ pé ìwọ kọ́ ni?"

"Ẹ sọ pé èmi ni?"

Wọ́n pè é láti ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ. Òótọ́ ni pé mo ní mi ò fẹ́ ẹ. Òótọ́ ni pé èmi ni mo fa ìlà. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n, mi ò mọ èyí tó máa wálẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé mo ti ń gbé wọn sí i láti ìgbà yẹn.

Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni aṣọ, igun rẹ̀ ló máa yẹ̀ wò. Lóde òní, bébà ara ògiri ni wọ́n ń kà. Àwọn ìkòkò aró ìyá àgbà gan-an, òdòdó ni wọ́n ti gbìn sínú wọn. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà ka bébà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọjá. Kò sẹ́ni tó wo igun.

Èmi wò ó. Gbogbo aṣọ yòókù, ẹ̀gbọ́n mi ti ká etí wọn wọ inú, ó ti rán an kó lè dúró dáadáa lára ògiri. Èyí nìkan ni kò ká. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, bóyá àyè ni kò rí, mi ò mọ̀, mi ò sì bi í. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni pé ìlà pupa méjì náà ṣì wà ní igun rẹ̀, òwú wọn ti ṣá, kò sì sí àmì ẹlòmíràn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.