Níbi Tí A Kì í Ti í Kúnlẹ̀ Kí Àgbà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Peckham, lábẹ́ afárá ojú irin, mo kúnlẹ̀ láti kí ọ̀gá mi, Uncle Ràṣídì. Mi ò tíì sọ "ẹ káàárọ̀ sà" tán tí wọ́n fi lọgun mọ́ mi.

"Dúpẹ́, dìde! Dìde jàre! Nobody kneels in here!"

Mo fò dìde, ojú tì mí. Iṣẹ́ care ni mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní Aylesbury Estate, àwọn arúgbó òyìnbó níbẹ̀ a sì máa rẹ́rìn-ín bí mo bá tẹ orúnkún kí wọn. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ló wá ń lé mi dìde nílẹ̀ yìí! Mo ní lọ́kàn mi pé orí bàbá yìí ò pé.

Lésà kéékèèké ni a ń ṣe, kì í sì í ṣe irú èyí tí í ta yòò nínú fíìmù. Gíláàsì ni tiwa, tí wọ́n ti po èròjà kan tó ṣọ̀wọ́n mọ́, tí wọ́n ń pè ní erbium. A ó fà á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, a ó wá fi iná yọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi ká jọ di ìlẹ̀kẹ̀ róbótó tí kò tó hóró iyọ̀. Ẹ̀rọ kan á máa fi ìmọ́lẹ̀ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ìmọ́lẹ̀ náà á máa yí po nínú rẹ̀, á máa lágbára sí i, títí yóò fi jáde bíi lésà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí ń gbóòórùn gáàsì ló ń rà á lọ́wọ́ wa. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, infrared ni wọ́n, ojú èèyàn kò rí ìkankan nínú wọn. Ohun tí a máa ń rí ni pé gíláàsì náà fúnra rẹ̀ á tan àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ológbò nínú òkùnkùn. Tábìlì wa kò sì ga: ẹni tó bá kúnlẹ̀, ọ̀gangan ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà ni ojú rẹ̀ máa bọ́ sí.

"Ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í dunni tó bá ń fọ́jú," Uncle sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ó wọ ojú òsì mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, mi ò mọ̀ rárá. I finished my shift, mo gba Deptford lọ. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ìyàwó mi ò lójú."

"Kò lójú báwo, sà?"

Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún wọn, wọ́n kọjú sí mi. "Mo rí etí ẹ báyìí, mo rí scarf ẹ. Àárín ò sí. Nothing there."

Láti ọjọ́ yẹn, òòró gangan ni mo máa ń dúró kí wọn, ọwọ́ mi láyà. Ìyá mi gbé oúnjẹ wá fún mi nígbà kan, wọ́n rí mi bí mo ṣe nàró gbọnrangandan níwájú àgbàlagbà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ṣé bí London ṣe bà ẹ́ jẹ́ tó nìyí?" Uncle fúnra wọn ló bá mi bẹ̀ wọ́n.

Iṣẹ́ náà mọ́ mi lára, ṣùgbọ́n yàrá náà kò mọ́ mi lára. Bí train bá kọjá lókè, gbogbo gíláàsì á dún ṣín-ín. Nígbà mìíràn mo máa ń yíjú padà wòye, bí ẹni pé nǹkan kan ń wò mí, n ó sì rọra máa ka sáàmù.

Lẹ́yìn ògiri ni Uncle ti máa ń kírun. Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀, ibẹ̀ sì ń jò, ni wọ́n bá tẹ́ ẹní síwájú tábìlì láti kírun Àsárì, wọ́n kọjú sí ẹ̀rọ. Ìyẹn kò léwu, torí àpótí irin ló bo ẹ̀rọ náà, ìdérí rẹ̀ sì wà ní títì. Wọ́n bọ́ awò ojú iṣẹ́ tó ń dáàbò bò wá, nítorí iwájú orí àti imú gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ nínú ìrun, awò náà kì í sì í jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ìgò tí a ń kó ìlẹ̀kẹ̀ tó bàjẹ́ sí wà lórí pẹpẹ kékeré lẹ́yìn wọn.

Train ńlá kan kọjá. Ilé mì tìtì. Nọ́ńbà tó ń fi agbára lésà hàn lójú screen mi já wálẹ̀ di òdo, mo sì rò pé òwú gíláàsì ló já. Mo gbójú sókè. Uncle ṣẹ̀ṣẹ̀ ń forí kanlẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe lọ sílẹ̀, ìgò náà tàn.

Àwọ̀ ewé. Kò sí iná nítòsí rẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń tàn jẹ́ẹ́ lẹ́yìn bàbá tó forí kanlẹ̀, bí ẹni pé ó ti ń dúró kí wọ́n kúrò lọ́nà. "Jèhófà!" ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ló yé mi. Dígí kékeré tó ń darí ìmọ́lẹ̀ nínú àpótí ti yí, ìmọ́lẹ̀ ti gba ihò tí waya ń gbà wọlé jáde, ó sì ń kọjá lórí ẹ̀yìn Uncle lọ bá àwọn ìlẹ̀kẹ̀ inú ìgò. Bí wọ́n bá gbórí sókè láti jókòó, ojú ọ̀tún wọn, ojú kan ṣoṣo tó kù, ló máa gbà á.

"Uncle, ẹ má dìde! Ẹ jọ̀ọ́ sà, stay down!"

Ta ló ń pàṣẹ fún ẹni tó wà lórí ìrun? Èjìká wọn ti ń gbéra. Ó dúró. Wọ́n dá iwájú orí wọn padà sílẹ̀. Mo sáré lọ tẹ bọ́tìnì pupa ara ògiri, ìgò náà sì kú.

"Ṣé o ti pa á?" Orí ẹní ni ohùn wọn ti ń jáde.

"Mo ti pa á, sà."

"Ó dá ẹ lójú?"

Báwo ni ohun tí mi ò rí ṣe máa dá mi lójú? Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń táràrà kiri ilẹ̀. Mo fi awò náà lé wọn lọ́wọ́, ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n sì wà tí wọ́n fi wọ̀ ọ́. Mo wá ṣàlàyé ohun tí mo rí. Wọ́n wo ihò náà, wọ́n wo ìgò.

"Mo máa tún ìrun yẹn kí," ni wọ́n sọ níkẹyìn. Ìyẹn ni pé awò ojú náà gbọ́dọ̀ tún kúrò.

Mo yọ plug. Síbẹ̀, mo lọ dúró sáàárín àpótí náà àti ẹní wọn, mo kẹ́yìn sí ẹ̀rọ, mo tẹjú mọ́ ìgò. Èmi ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni mo ń ṣọ́ ìrun. Ìgò náà dúdú. Uncle bọ́ awò wọn, wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó rọra gbé ojú wọn sókè.